Ohun Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Férémù Bọ̀dá Làmídì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà mí tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé e kiri. Mo ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo ń gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo sì ń gbé e padà wálé. Ìyàwó mi nìkan ni mo tíì sọ ọ́ fún, ìyẹn náà kò sì tíì pẹ́.

Ohun tó mú kí n la ẹnu mi báyìí ni pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ń bọ̀. Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Kò mọ̀ pé èmi ni mo ṣẹ òun. Àbúrò rẹ̀ ló rò pé òun ń bọ̀ wá bá.

Káfíńtà ni mí. Kùmásì níbí, ní Gánà, ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Sàwàbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wádìí orúkọ mi. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n kàn máa pè é ní Bọ̀dá Làmídì.

Bọ̀dá Làmídì jù mí lọ díẹ̀. Abẹ́ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́. Òun ló kọ́kọ́ gba òmìnira. Nígbà tí èmi náà gba tèmi, ó ní kí n má wulẹ̀ wá ìsọ̀ mìíràn kiri, kí n wá bá òun. Ìgbà náà ni páláíwúùdù ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń wọ́pọ̀ nígboro, lẹ́yìn ọdún tí ebi jà tí iná igbó sì jó oko. Gbogbo ẹni tó bá ti rí nǹkan díẹ̀ kó jọ ló ń fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ilẹ̀kùn férémù, irú èyí tí wọ́n ń rí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó rí já jẹ ní Àdúm, láàárín ìgboro.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe ilẹ̀kùn náà, ẹ jọ̀ọ́, nítorí inú ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà.

Igi mẹ́rin ló ń di férémù kan, méjì gígùn, méjì kúkúrú. A ó gbẹ́ orí àwọn kúkúrú bí ahọ́n, a ó sì gbẹ́ ihò sára àwọn gígùn, kí ahọ́n lè wọ inú ihò. Lẹ́yìn náà ni a ó la kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ inú igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú kòtò yẹn ni páláíwúùdù yóò wọ̀. Ẹ ní láti ki páláíwúùdù náà bọ̀ ọ́ kí igi kẹrin tó pa férémù dé. Tí gúlúù bá ti gbẹ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sẹ́ni tó tún lè rí etí páláíwúùdù náà mọ́, àfi ẹni tó bá fọ́ ilẹ̀kùn.

Bọ̀dá Làmídì ní òfin kan tí kì í fi ṣeré. Páláíwúùdù kò gbọdọ̀ kan ìsàlẹ̀ kòtò, gúlúù kò sì gbọdọ̀ kàn án rárá. Ahọ́n àti ihò nìkan ni gúlúù wà fún.

Ó máa ń sọ fún mi pé, "Àbúrò, igi férémù a máa sanra nígbà òjò, a sì máa rù nígbà ọyẹ́. Páláíwúùdù kì í rù. Tí o bá há a mọ́ ibẹ̀, tí igi wá ń rù, ibo lo fẹ́ kó gbà?"

Òun ló ń ṣe férémù. Òun ló sì ń lọ ṣa igi. Èmi ni mo ń gé páláíwúùdù, tí mo sì ń ki í bọ kòtò. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì la jọ ń pa á dé. Òun yóò fi ikùn ti ẹ̀gbẹ́ kan, èmi yóò ti ẹ̀gbẹ́ kejì, yóò ní "Ó yá!" a ó sì jọ tì í. Ahọ́n yóò wọ ihò, yóò dún pọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ìró yẹn ń wù mí í gbọ́ títí di òní.

Gbogbo ayé ìgbà yẹn ló ń wù mí. Láàárọ̀, a ó ra kókó àti kóṣé, ìyẹn ògì àti àkàrà, lọ́wọ́ obìnrin Hausa kan tó ń dáná lẹ́bàá títì. Bọ̀dá Làmídì yóò ya kóṣé tirẹ̀ sí méjì, yóò sì fi èyí tó tóbi lé mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ èmi náà ti ra tèmi. Tó bá ń fági, a máa súfèé. Tí mo bá ń wọn páláíwúùdù, tí mo wọ̀n ọ́n tán tí mo tún padà lọ wọ̀n ọ́n, á ní, "Àbúrò, páláíwúùdù ni o, kì í ṣe ìyàwó. Gé e!" Gbogbo ẹni tó wà nítòsí á bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, Alhájì kan wá. Ará Ọ̀yọ́ ni, aṣọ ló ń tà lọ́jà, Táfò ló ń gbé. Ó ń kọ́lé ńlá sílé, ní Ọ̀yọ́. Ó gbé kọ́bọ́ọ̀dù kan fún wa láti ṣe, èyí tó fẹ́ gbé sí pálọ̀ rẹ̀. Bó ti ń dìde láti lọ, ó gbá Bọ̀dá Làmídì léjìká.

"Làmídì, tí èyí bá wù mí, ìwọ ni yóò ṣe gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ilé mi ní Ọ̀yọ́. Mo máa mú ọ lọ. Ilé ńlá ni o. O lè má padà wá mọ́!"

Bọ̀dá Làmídì rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Àbúrò mi yìí ńkọ́, Alhájì? Àwa méjì la jọ ń ṣe é."

Alhájì wò mí láti òkè délẹ̀. "Haba, Làmídì! Ẹnì kan ni mo bá sọ̀rọ̀. Ṣé Ọ̀yọ́ ni wọn ò ti ní rí ẹni tí yóò gé páláíwúùdù?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé inú.

Láti ọjọ́ náà, Ọ̀yọ́ ni Bọ̀dá Làmídì ń sọ. Kò dé ibẹ̀ rí, èmi náà kò dé ibẹ̀ rí. A máa bi àwọn àgbàlagbà bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí, bóyá wọ́n ní irú igi tí a ní níbí. Ó ní tí òun bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán, òun yóò ránṣẹ́ pè mí. Mi ò gbà á gbọ́. Ohun tí bàbá mi sọ fún ìyá mi nìyẹn nígbà tó ń lọ sí Àbíjàn. Ọwọ́ ìyá mi ni mo wà nígbà náà. A ò tún fojú kan bàbá mi mọ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Ìlara wà níbẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Alhájì sọ dùn mí. Ṣùgbọ́n ìlara kọ́ ló pọ̀ jù. Mi ò kàn fẹ́ kó lọ ni. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ jí láàárọ̀ kí n dé ìsọ̀ kí n má bá a níbẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Bọ̀dá Làmídì ti ṣe férémù tán, gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó lọ kírun, láti ibẹ̀ ni yóò ti gba Àdúm lọ ra ìdè ilẹ̀kùn. Ó ní kí n gé páláíwúùdù sílẹ̀, pé tí òun bá dé, a ó jọ pa á dé.

Mo wọ̀n ọ́n. Mo mọ ibi tó yẹ kí n gé e dé. Mo sún ìlà náà síta, mo gé e kó lè kan ìsàlẹ̀ kòtò yíká, kó tilẹ̀ fi díẹ̀ lé. Mo da gúlúù sínú kòtò. Mo ki páláíwúùdù bọ̀ ọ́, mo sì fi kíláǹpù, irin tí a fi ń fún igi pọ̀, fún un títí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi pàdé. Bí mo ṣe ṣe gbogbo ilẹ̀kùn náà nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò dúró.

Nígbà tó dé, mo ti nu gúlúù tó yọ síta. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò dúró de òun. Mo ní mo fẹ́ kí iṣẹ́ yá. Ó fi ọwọ́ pa igun ilẹ̀kùn kan, ó tún pa òmíràn.

"Ó dáa," ló wí. "Àbúrò, ìwọ náà ti di ọ̀gá."

Èrò mi ni pé tí ọyẹ́ bá dé, igun ilẹ̀kùn yóò là díẹ̀. Alhájì yóò kùn, yóò wá káfíńtà mìíràn lọ. Inú Bọ̀dá Làmídì yóò bàjẹ́ fúngbà díẹ̀, a ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mi ò rò ó kọjá ibẹ̀.

Ìgbà òjò la gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé bí ẹyin. Alhájì ń ṣí i, ó ń tì í, ó ń pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Bọ̀dá Làmídì ra báàgì tó máa gbé lọ sí Ọ̀yọ́.

Ọyẹ́ wá dé. Lọ́dún yẹn, ọyẹ́ náà le, ètè gbogbo ènìyàn ló là. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Alhájì ń sọmọ lórúkọ ni wọ́n ránṣẹ́ pè wá, pé kí a máa bọ̀ kíá.

Nígbà tí a wọlé, àlejò kún pálọ̀. Mo wo kọ́bọ́ọ̀dù náà. Mi ò mọ̀ pé yóò tó bẹ́ẹ̀. Kò sí igun kan tí kò là. Ilẹ̀kùn kan ti fẹ̀ kúrò lójú ara rẹ̀, kò ṣe é tì mọ́, àwo àti kọ́ọ̀pù inú rẹ̀ sì hàn síta.

Ìyáálé Alhájì jókòó láàárín àwọn obìnrin. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin káfíńtà. Ẹ wá wò ó, kọ́bọ́ọ̀dù yín ti ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò wa láti àárọ̀."

Ẹ̀rín gba ilé kan. Obìnrin Asante kan tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú Bọ̀dá Làmídì, ó ní, "Kosɛ, kosɛ," bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn kẹ́dùn ní Twi.

Alhájì ní, "Ta ló ṣe férémù yìí?"

"Èmi ni, Alhájì."

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Káfíńtà ni ìwọ náà. Kí lo rí sí i?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ẹnu mi la, ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni pé, "Alhájì, ẹ má bínú. Ó jọ pé igi náà ni kò gbẹ tó."

Ẹ sì rántí pé Bọ̀dá Làmídì ló ń ṣa igi. Ó yíjú wò mí. Mo rò pé yóò já irọ́ mi. Ó kàn mi orí ni.

"Òótọ́ ló sọ," ló wí. "Èmi ni mi ò fún igi lákòókò."

Alhájì kò pariwo. Ó ní, "Ó ti tó, Làmídì. Mi ò lè gbé irú èyí lọ síwájú àwọn èèyàn mi ní Ọ̀yọ́." Ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn àlejò rẹ̀.

A tú àwọn ilẹ̀kùn náà, a rù wọ́n, a wọ ọkọ̀ trótró padà sí Sàwàbá. Bí a ti dé ìsọ̀, ó mú ayùn, ó gbé ilẹ̀kùn kan ka orí tábìlì.

"Mo fẹ́ rí inú rẹ̀," ó ní. "Ahọ́n tí mo gbẹ́ yẹn kò yẹ kó jáde. Kò yẹ kó jáde, Àbúrò."

Tó bá fa ayùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, yóò rí gúlúù nínú kòtò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gúlúù, ká fi dí i, ká kùn ún lọ́dà."

Ó gbé ayùn sílẹ̀. "O ṣeun tí o káàánú mi," ló sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò súfèé mọ́. Yóò gbẹ́ ahọ́n igi kan, yóò ki í bọ ihò, yóò fà á yọ, yóò tún un kì. Yóò pè mí pé, "Wá wò ó, ṣé ó há?" Yóò há dáadáa. Mo ń sọ fún un pé ó há. Yóò sọ igi náà nù, yóò mú òmíràn. Àwọn oníbàárà ṣì ń wá, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ilẹ̀kùn férémù, á ní kí wọ́n lọ síbòmíràn, pé àga àti tábìlì ni òun ń ṣe.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé ìsọ̀, mi ò bá a. Mo lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Táfò. Ìyá Làmídì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àpótí irinṣẹ́ ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ó ti wọkọ̀ lọ," ni ìyá wí. "Ó ní Nàìjíríà. Ó ní kí n kó èyí fún ọ, pé ọwọ́ òun kò mọ iṣẹ́ mọ́."

Ẹ ò rí i? Ohun tí mo ṣe kó má bàa lọ, òun náà ló lé e lọ. Ká ní mo jẹ́ kó bá Alhájì lọ, yóò lọ pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, yóò lọ bí ọ̀gá.

Láti ìgbà náà, kò sí Jímọ̀ kan tí mi ò lọ kí Ìyá Làmídì, àfi tí ara mi kò bá yá. Yóò se túwó fún mi. Yóò gbàdúrà fún mi, pé èmi nìkan ló rántí ọmọ òun. Ó dá a lójú pé ẹnì kan ló fi ojú burúkú wo iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbà pé obìnrin kan tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan náà ni. Ìyá kò bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìyá fi kú. Obìnrin náà sì bẹ̀ mí pé kí n bá òun là á yé ìyá. Mo ní mo máa bá a sọ̀rọ̀. Mi ò bá a sọ nǹkan kan.

Nígbà tí ìyá kú, èmi ni mo dúró bí ọmọ. Èmi ni àwọn ènìyàn ń bọ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n ń ṣàdúà fún pé mo ṣe dáadáa. Gbogbo àdúà yẹn ń ta mí lára.

Mo ṣì ń ṣe ilẹ̀kùn férémù. Mo ti gba oríṣiríṣi ènìyàn síṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo lè bá pa férémù dé bí èmi àti Bọ̀dá Làmídì ṣe ń ṣe é. Wọ́n ń tì í kí n tó tì í, tàbí kí wọ́n tì í lẹ́yìn tí mo ti tì í. Mo máa ń ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, màá gbé e ti ògiri, màá fi orúnkún tì í.

Nígbà òjò ọdún yìí, Ìyá Sẹ́kínà wá sí ìsọ̀ mi. Òun ló ń kó aṣọ láti Kùmásì lọ sí Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín kí yín o."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n wo?"

"Làmídì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti bá a, níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Òun ló ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀, tó ń kó lẹ́búlẹ́bú igi sínú àpò. Mo ní, ṣé káfíńtà kọ́ ni yín ni? Ó ní òun kì í fọwọ́ kan ayùn."

Mo gbé ayùn ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní Bọ̀dá Làmídì ti gbọ́ pé ìyá rẹ̀ kú, àti pé èmi ni mo sin ín. Ó ní ó sunkún, ó sì súre fún mi. Ó ní tí òjò bá dá, òun ń bọ̀ wá síbi sàréè ìyá òun, àti pé ọ̀dọ̀ mi ni òun yóò wọ̀ sí.

"Ó tún ní kí n bi yín léèrè nǹkan kan," ni Ìyá Sẹ́kínà wí. "Ó ní, ṣé ẹ padà rí ohun tí òun ṣe tí kò dáa sí ahọ́n igi yẹn? Ó ní ẹ ó mọ èyí tí òun ń sọ. Ó ní òun ṣì ń rò ó."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ó ti pẹ́ tó báyìí, ọkùnrin náà ṣì ń wá àṣìṣe tí kò ṣe.

Ìyàwó mi ní kí n pa á mọ́. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni? Jẹ́ kó wá, ẹ jọ jẹun, kó gbàdúrà fún ìyá rẹ̀, kó padà ní àlàáfíà." Mi ò lè sọ pé kò gba tèmi rò. Ó wù mí kí n tún jí láàárọ̀ kí n gbọ́ ohùn Bọ̀dá Làmídì nínú ilé mi. Tí mo bá sọ ọ́, bóyá ọjọ́ kan ni màá gbọ́ ọ. Tí mi ò bá sọ ọ́, ó lè bá mi gbé títí.

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ máa bá a jẹun, kí n máa wo ọwọ́ tó rò pé kò mọ iṣẹ́ mọ́, nígbà tí mo mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ náà?

Òjò ti ń dá lọ. Ìyá Sẹ́kínà yóò tó padà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ń dúró de ìdáhùn tí yóò mú lọ. Mo ti dọ́gbọ́n dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi òótọ́ rán an, kí Bọ̀dá Làmídì lè mọ̀ ọ́n kó tó gbéra, kó sì yàn fúnra rẹ̀ bóyá òun ṣì fẹ́ wá? Àbí kí n dúró kó dé, kí n lè kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀? Tí ẹ̀yin bá jẹ́ Bọ̀dá Làmídì, èwo ni ẹ ó fẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáhùn mi bí ẹni tó ń gbèjà mi. Ẹ dáhùn mi bí òun.